Ikán Ló Pè Wọ́n Síṣẹ́: Ìtàn Àwọn Agbẹ́gilére Igbó Ọ̀ṣun

Ní oṣù Keje ọdún 2025 ló pé ogún ọdún tí àjọ UNESCO jókòó ní ìlú Durban, ní South Africa, tí wọ́n sì ka Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pawọ́ pọ̀ dáàbò bò. Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ ní irú rẹ̀, ní 1999. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ igbó náà, odò ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Wọn á sọ ti Àtáója, ọba Òṣogbo, wọn á sọ ti Arugbá tó ru igbá láìwẹ̀yìn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìwé tí UNESCO kọ kò fi odò nìkan ṣe ìdí. Ó dárúkọ ogójì ojúbọ, ère àti iṣẹ́ ọnà tó wà nínú igbó náà, èyí tó sì gba ojú àlejò jù lọ nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn tí a bá láyé. Agbẹ́gilére wà lára wọn, bíríkìlà wà lára wọn, alágbẹ̀dẹ àti aláró náà kò gbẹ́yìn.

New Sacred Art ni àwọn òyìnbó ń pe ẹgbẹ́ náà. Kò ní káàdì ọmọ ẹgbẹ́, kò sì sí ilé ìpàdé kan tí ènìyàn lè nàka sí. Iṣẹ́ ló kó wọn jọ, iṣẹ́ náà ló sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́. Ọmọ Iléṣà ni èmi tó ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá nílé ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ. Ìdí rẹ̀ á hàn bí a bá ṣe ń lọ.

Ọdẹ tó gba èèwọ̀ ọdẹ

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Òṣogbo ni pé láti Ìpólé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níhìn-ín, ni Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ti gbéra nígbà tí omi wọ́n wọn. Láròóyè ni ọmọ ọba. Ọdẹ ni Tìmẹ́hìn, ọdẹ erin pàápàá. Wọ́n dé etí odò, wọ́n rí omi tí kì í gbẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó láti fi tẹ̀dó. Igi ńlá kan wó sínú odò, ni ohùn kan bá ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé ilé onílé ni àwọn bọ́ sí. Àdéhùn tí wọ́n bá Ọ̀ṣun ṣe lẹ́yìn èyí ni ìlú náà dúró lé: òun á máa dáàbò bò wọ́n, àwọn náà á máa bọ ọ́ lọ́dọọdún, wọn á sì kúrò létí odò lọ tẹ̀dó sí òkè. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé, pẹ̀lú ààfin tó wà níbẹ̀, di igbó òrìṣà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹdò níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́, kò sì gbọdọ̀ gé igi.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé ọdẹ wà lára àwọn tó tẹ ibi tí èèwọ̀ ọdẹ wà dó. Bóyá ọdẹ nìkan ló tilẹ̀ lè mọ ohun tí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ tó. Ẹni tó mọ ọ̀nà ẹranko ló mọ bí ẹranko ṣe ń tán. Nígbà tó yá, àwọn agbẹ́gilére náà dé bá irú ọ̀ràn yìí. Igi ni ohun èlò iṣẹ́ wọn, inú igbó tí a kò gbọdọ̀ gé igi sì ni wọ́n ti wá ṣe iṣẹ́ tó sọ wọ́n di olókìkí.

Nǹkan bí 400 ọdún ni wọ́n ka àdéhùn náà sí. Ó dúró ṣinṣin títí ayé fi yí. Nígbà tí a fi máa wọ àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogbo ti di mùsùlùmí tàbí onígbàgbọ́, àwọn olóòṣà ti ń dínkù, ìjìyà tó wà fún ẹni tó bá rú èèwọ̀ kò sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ṣán apá kan, wọ́n sì gbin igi tíìkì síbẹ̀. Ọdẹ ń wọlé lóru, apẹja ń ju àwọ̀n, àwọn tó ń ta ilẹ̀ ti ń wo etí igbó. Àwọn olè náà rí ọ̀nà tiwọn: ère igi kékeré tó wà lójúbọ rọrùn láti fi sábẹ́ agbádá, oníbàárà tó sì máa rà á kò ṣòro rí.

Àdùnní

Susanne Wenger ni wọ́n sọ Àdùnní nílé, nígbà tí wọ́n bí i sí ìlú Graz, ní orílẹ̀-èdè Austria, ní 1915. Ayàwòrán ni. Ní 1950 ni òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dé Ìbàdàn, nítorí iṣẹ́ tí ọkọ rí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀. Ìgbé ayé àwọn òyìnbó ọgbà ilé ìwé kò bá wọn lára mu. Wọ́n kó lọ sí Ẹdẹ, wọ́n kó lọ sí Ìlobùú, kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Ẹdẹ ni Ajagẹmọ, olórí àwọn abọ̀rìṣà Ọbàtálá, ti fa Àdùnní mọ́ra, tó sì mú un wọ ìdí òrìṣà nígbà tí kò tíì sí èdè tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ dáadáa. Òun àti Beier pínyà lẹ́yìn náà. Ní 1959 ó fẹ́ onílù kan, Àyánsọlá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó jọ ti àwọn Àgùdà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìbòkun wa, ni ó fi ṣe ibùgbé títí ó fi kú.

Ọ̀pọ̀ ìwé ló sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló gba igbó náà là. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àtáója Samuel Adéléye Adénlé Kìíní, tó wà lórí oyè láti 1944 sí 1975, ló fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Bí ọba kò bá fẹ́, òyìnbó obìnrin kan kò lè mọ ògiri kan ṣoṣo sí ojúbọ Ọ̀ṣun. Àwọn olóòṣà tó kù ló pè é. Ọwọ́ àwọn ọmọ Òṣogbo ni iṣẹ́ náà sì ti jáde.

Bí ikán ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀

Kò sí ìkéde, kò sí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń kógbá sílé, ikán ti jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun tó wà létí odò débi pé ó fẹ́ wó. Àwọn olóòṣà ní kí Àdùnní bá àwọn tún un ṣe, òun náà sì wá àwọn bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ amọ̀ àti sìmẹ́ńtì. Àtúnṣe ilé ni wọ́n pè wọ́n sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń rẹ́ ògiri ni àwòrán ń yọ lára rẹ̀, ojú kan níbí, ọwọ́ kan lọ́hùn-ún. Ohun tó yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ di iṣẹ́ tó gba ìyókù ayé àwọn kan nínú wọn.

Adébísí Àkànjí ni gbajúmọ̀ wọn nínú iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Bíríkìlà ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà ní Iléṣà, Òṣogbo tàbí Ìbàdàn á rántí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí kìnnìún sìmẹ́ńtì máa ń jókòó sí òkè ilẹ̀kùn wọn, tàbí erin tó ń na ọwọ́ ìjà sí ojú pópó. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ìwọ̀nyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní iṣẹ́ ọnà nígbà náà. Beier ló ṣètò ìdíje fún àwọn tó mọ irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ṣe, ibẹ̀ ni Àkànjí sì ti yọ. Láti orí kìnnìún òkè ilé ló ti bọ́ sí inú igbó Ọ̀ṣun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri tó jọ ẹranko tó fẹ́ dìde.

Igi, sìmẹ́ńtì àti ẹran igbó

Níbí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀, nítorí ibi tí ìlànà ẹgbẹ́ náà ti kọ́kọ́ yí padà nìyí.

Láyé àtijọ́, igi ni ère òrìṣà. Agbẹ́gilére mọ igi tó yẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ìrẹ̀ fún ère ìbejì, ọmọ fún ìlù, ìrókò àti apá fún òpó àti ilẹ̀kùn tó ní láti pẹ́. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà máa ń gbà. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí àáké ti ń ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára àyà, àyà kúrò lára ẹsẹ̀. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, tí ojú, etí àti ọwọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni dídán, tí ara ère á fi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: ọ̀bẹ ṣóńṣó ni wọ́n fi ń fín irun, ilà ojú, àti bátànì aṣọ. Ẹranko kì í wọ́n nínú iṣẹ́ náà. Ejò máa ń lọ́ mọ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹyẹ á bà lé e. Nílẹ̀ Èkìtì, ẹkùn máa ń dìde lórí Ẹpa. Bí ikán bá jẹ òpó tán, ìdílé á tún pe agbẹ́gilére láti gbẹ́ òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń sunkún òpó, nítorí pé ọmọ agbẹ́gilére wà nílé tó lè gbẹ́ ẹ. Ohun tí ìran kan ń fi lé ìran kejì lọ́wọ́ ni ọ̀nà tí a ń gbà gbẹ́ ẹ. Òpó fúnra rẹ̀ lè lọ.

Inú igbó Ọ̀ṣun ní àwọn ọdún 1960, irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́. Ère igi kékeré, bí olè kò bá gbé e lónìí, ikán á jẹ ẹ́ lọ́la. Ni ẹgbẹ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ yan ohun tó tóbi, tó wúwo, tí kò ṣe é gbé: irin, amọ̀ àti sìmẹ́ńtì. Wọ́n mọ ère tó ga ju ilé lọ, ẹlẹ́nu yíyà, ọlọ́wọ́ nínà, sí ibi tí àwọn ọdẹ àti àwọn oníjìbìtì ilẹ̀ máa ń gbà wọlé. Iṣẹ́ ọnà di odi. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi nínú igbó náà á kọ́kọ́ kojú ohun kan tó ń wò ó látòkè. Mo ti rí àwọn tó ń ṣàríwísí pé àwọn ère yìí kò jọ ère Yorùbá àtijọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ère àtijọ́ kò ní iṣẹ́ ọlọ́dẹ láti ṣe.

Àwọn agbẹ́gilére kò parẹ́ nínú ètò yìí. Kásálì Àkàngbé, tí wọ́n bí sí ìdílé tí iṣẹ́ igi ti jẹ́ iṣẹ́ wọn ní Òṣogbo, dara pọ̀ mọ́ wọn ní àwọn ọdún 1970. Ènìyàn á dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún: ojú tẹ́ẹ́rẹ́, ara tó gùn tó sì ń yọ́ lọ bí ẹni pé igi náà ṣì ń dàgbà. Òpó rẹ̀ ló gbé òrùlé Ìlédì Oǹtótóo dúró, ilé àwọn Ògbóni nínú igbó náà, tí òrùlé mẹ́ta rẹ̀ dìde bí alángbá ńláńlá tó fẹ́ gun igi. Rábíù Àbésù náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú igi. Ní ti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, igi kò tó o. Ó fi òkúta ṣe àwọn ère kúkúrú kúkúrú olójú rogodo tí ènìyàn máa ń bá nídìí igi láìròtẹ́lẹ̀. Ṣàngódáre Gbádégẹṣin Àjàlá, tí Àdùnní gbà tọ́ bí ọmọ, fi aró àti ìda ya òrìṣà sára aṣọ.

Ẹ wo bí wọ́n ti yàtọ̀ síra tó. Àdùnní kò dá ilé ìwé sílẹ̀, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni wo àwòrán tòun kó dà á kọ. Bó ti jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀gá ni ọwọ́ ọmọṣẹ́ máa ń jọ lágbo agbẹ́gilére Yorùbá, ìyẹn jẹ́ ohun tuntun. Òrìṣà tí a fẹ́ mọ ojúbọ rẹ̀ ni gbogbo wọn jọ ń fetí sí, ọ̀nà tí kálukú gbà gbọ́ ọ ló fi ṣe é.

Ẹran igbó sì ń bẹ nínú gbogbo rẹ̀, nínú sìmẹ́ńtì àti nínú ẹran ara. Alábahun tó ń fò wà lórí ẹnu ọ̀nà kan. Ọ̀bọ gidi ń fò kọjá lórí rẹ̀, nítorí pé ibi tí wọn kò ti ń yìnbọn ni ọ̀bọ máa ń mọ̀ kíákíá. Ó lé ní 400 irú ewéko tí wọ́n kà nínú igbó náà, ó lé ní 200 lára wọn tí wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣe oògùn. Ẹgbẹ́ agbẹ́gilére ni ẹgbẹ́ yìí, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jù, màá ní wọ́n jẹ́ kí ẹranko àti igi rí ibi fara pamọ́ sí láàárín ìlú tó ń gbòòrò.

Ẹgbẹ́ méjì, ìlú kan

Àwọn ènìyàn máa ń da ẹgbẹ́ yìí pọ̀ mọ́ Mbárí Mbáyọ̀. Ìlú kan náà ni, ọ̀pọ̀ sì mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Beier àti Dúró Ládiípọ̀ ló dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962, inú ilé Ládiípọ̀ ni ó sì wà. Láti inú eré orí ìtàgé àti kíláàsì ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni Twins Seven Seven, Mùráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Bùráímọ̀, Rufus Ògúndélé àti Bísí Fábùnmi ti jáde. Àwòrán tó ṣe é tà, tó ṣe é gbé lọ sí London tàbí New York, ni iṣẹ́ wọn. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn ará igbó kò ṣe é tà ní tirẹ̀, wọ́n ti mọ ọ́n mọ́ ilẹ̀.

Ẹgbẹ́ kẹta tó yẹ ká fi wé wọn wà ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì. Ní 1947 ni àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà, Kevin Carroll àti Seán O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn agbẹ́gilére Yorùbá lè máa gbẹ́ ère àti ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì. George Bámidélé, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ti Ọ̀sì, wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́, òun tó wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ti Ọ̀yẹ́ di igi mú gírígírí; ìlànà ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín ni wọ́n tẹ̀ lé, wọ́n kàn yí ohun tí ère dúró fún padà ni. Ibi iṣẹ́ náà tì ní 1954, ọdún díẹ̀ kí ikán tó pe àwọn ti Òṣogbo. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ náà kò kú, nítorí pé Fákẹ́yẹ kọ́ ọmọṣẹ́ púpọ̀. Èmi rò pé ibí ni Ọ̀yẹ́ ti borí Òṣogbo: ibi iṣẹ́ lọ, ọmọṣẹ́ kù. Ní Òṣogbo, ibi iṣẹ́ wà títí dòní, ọmọṣẹ́ ni kò pọ̀ tó.

Òfin wọ inú igbó

Ère sìmẹ́ńtì lè dẹ́rù ba ọdẹ, kò lè dẹ́rù ba ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà àti ààfin mọ èyí, wọ́n sì ti ìjọba títí tí wọ́n fi kéde apá kan igbó náà ní ibi ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965. Àtáója Adénlé wàjà ní 1975. Ìyíọlá Oyèwálé Mátànmí Kẹta jọba ní 1976, òun náà sì di iṣẹ́ náà mú. Àsìkò tirẹ̀ ni ìnira tó tóbi jù dé: ní oṣù Kẹjọ 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Òṣogbo di olú ìlú, owó ilẹ̀ sì fò sókè lójú ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá ilé, ìjọba fúnra rẹ̀ ń wá ilẹ̀. Ní 1992, ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, òfin nà dé gbogbo igbó náà, hẹ́kítà 75. Bí wọ́n bá fi í falẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i, mi ò rò pé hẹ́kítà 75 á kù láti dáàbò bò.

Láti ìgbà yìí ni agbára ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ olóòṣà àti agbẹ́gilére sí ọwọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n gbé òṣìṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gba owó ìwọlé. Èèwọ̀ di òfin, ẹni tó bá rú u kò tún ń bẹ̀rù Ọ̀ṣun, ọlọ́pàá ni ó ń bẹ̀rù.

2005, 2009, 2010

Ọdún mẹ́ta yìí ló yí ẹgbẹ́ náà padà pátápátá. Ní 2005 ni orúkọ igbó wọ ìwé UNESCO. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2009 ni Àdùnní kú sí Òṣogbo, lẹ́ni ọdún 93. Ní 2010 ni Àtáója Mátànmí wàjà, tí Jímọ̀ Oyètúnjí Ọláníipẹ̀kun, Láròóyè Kejì, sì gorí ìtẹ́ lọ́dún yẹn kan náà. Láàárín ọdún méjì, olórí iṣẹ́ àti ọba tó dúró tì í kò sí mọ́.

Wọn kò yan ẹnikẹ́ni rọ́pò Àdùnní nínú iṣẹ́ ọnà. Ọmọ tó gbà tọ́, Adédoyin Tàlàbí Fáníyì, di ìdí òrìṣà mú. Àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ó tó kú, Adunni Olorisa Trust, gba ọ̀rọ̀ àtúnṣe, Adébísí Àkànjí sì tún di ọ̀gá níbẹ̀ ní ọjọ́ ogbó, ó ń tún ohun tí òun fúnra rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ ṣe.

Sìmẹ́ńtì kì í pẹ́ bí wọ́n ti rò ní àwọn ọdún 1960. Omi òjò máa ń wọ inú rẹ̀ níbi tó bá ti sán, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì la ère láti inú wá. Gbòǹgbò igi ń gbé ìdí ère sókè. Ẹ̀ka tí ìjì bá ṣẹ́ ń já lu orí òrùlé. Igbó tí wọ́n fi ère gbà là wá ń jẹ ère. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà láti bí ogún ọdún wá, iṣẹ́ àtúnṣe ni: wọ́n ń dí ibi tó sán, wọ́n ń pààrọ̀ irin, wọ́n ń sapá kí ère padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ ká kíyè sí bí èyí ti jìnnà sí ìlànà àwọn agbẹ́gilére tó. Òpó tó jẹrà, òmíràn la máa ń gbẹ́, ẹni tó ń gbẹ́ ẹ sì lómìnira láti fi ojú tirẹ̀ gbẹ́ ẹ. Lábẹ́ ìlànà UNESCO, ohun tó mú kí ibi kan tọ́ sí ìdáàbòbò gbọ́dọ̀ wà bí ó ti wà. Mi ò sọ pé ìlànà náà kò dára. Láìsí i, àwọn onílé ìtura ì bá ti ra etí odò náà. Ṣùgbọ́n ó sọ àwọn tó ń ṣẹ̀dá di àwọn tó ń ṣọ́ ẹrù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mọ igi gbẹ́ lónìí ní Òṣogbo, àtúnṣe iṣẹ́ àgbà ni wọ́n á pè é sí nínú igbó, òpó tirẹ̀ kò ní àyè níbẹ̀. Ìta ẹnu ọ̀nà ló ti máa ta ère kékeré fún àwọn tó wá wo ọdún, gbogbo wa la sì mọ̀ pé èyí tó bá ṣe é kó sínú báàgì ló ń tà. Bí mo bá láṣẹ, màá bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó. Òpó onígi tó wà lábẹ́ òrùlé àwọn ojúbọ náà á jẹrà lọ́jọ́ kan, sìmẹ́ńtì kankan kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n fi í lé ọ̀dọ́ agbẹ́gilére lọ́wọ́ kó gbẹ́ ẹ bí òrìṣà ti sọ fún un, bí wọ́n ti jẹ́ kí Kásálì ṣe tirẹ̀.

Omi tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ

Níbi tó kù sí, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ Òṣogbo, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Odò Ọ̀ṣun kò bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ìgèdè ní Èkìtì ni orísun rẹ̀, ó sì ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá pẹ̀lú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú rẹ̀. Wúrà wà nínú ilẹ̀ wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wa á, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí ìsinsìnyí ni àwọn awakùsà tí kò gba ìwé àṣẹ ti pọ̀ sí i, tí wọ́n ń gbẹ́ etí odò, tí wọ́n ń fọ ẹrẹ̀ wúrà sínú omi. Makúrì, tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ, jẹ́ májèlé. Omi tó dé Òṣogbo wá di pupa bíi tíì oníwàrà.

Èèwọ̀ mẹ́ta tí Tìmẹ́hìn gbà, ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́gilére ti bá a ṣọ́ méjì dáadáa: ìbọn kò dún nínú igbó, àáké kò sì kan igi. Ẹja ni wọn kò lè ṣọ́, nítorí pé ère kì í dúró sójú omi. Odi sìmẹ́ńtì kò lè dá odò dúró.

Ní 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ pé kí wọ́n má mu omi náà. Ọ̀pọ̀ ló wá láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà nítorí omi yẹn gan-an. Ibi tí ẹrẹ̀ náà ti ń ṣàn wá kì í ṣe Òṣogbo. Àwọn kòtò náà wà nínú oko wa, ní àyíká Iléṣà àti àwọn abúlé tó yí i ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lórí ilẹ̀ tí baálẹ̀ mọ ẹni tó yá a.